Ilé Ìsun-Pàǹtí ní Ìgbèríko: Ta Ni A Kọ́kọ́ Bi?

Kò sí ìlú kan lábẹ́ ọ̀run, ìbáà ṣe ti òyìnbó tàbí ti ènìyàn dúdú, tí kò ní àkìtàn. Ibi tí ènìyàn bá pọ̀ sí ni ìdọ̀tí ń pọ̀ sí, ibi tí ọjà bá sì ti ń tà ni èèpo iṣu àti ewé ẹ̀kọ ti ń ga bí òkè. Ní ayé àwọn baba wa, ẹ̀yìnkùlé ni a ń da ilẹ̀ sí. Òjò a rọ̀ sí i, oòrùn a pa á, a sì di ilẹ̀ ọlọ́ràá tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń hù sí. Lẹ́yìn náà ni àwọn wolé-wolé dé, tí wọ́n ń yọjú wo inú àmù, tí wọ́n sì ń bi onílé léèrè ibi tí ó ń da ilẹ̀ rẹ̀ sí. Ìbéèrè wolé-wolé yìí ni gbogbo ayé ń bi ara wọn títí di òní, kò sì tíì sí ẹni tí ó rí ìdáhùn tí ó tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn.

Ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Ọba láàárín ọdún 2011 àti ọdún 2014 tí a rò pé ó yẹ kí a gbé síwájú yín. Ọ̀ràn ilé ńlá kan ni, èyí tí àwọn aláṣẹ fẹ́ kọ́ sí ìgbèríko kí wọ́n lè máa fi iná sun pàǹtí nínú rẹ̀, tí àwọn ará àdúgbò sì kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Kì í ṣe òfófó ilé onílé ni a fẹ́ ṣe. Àwọn àgbà ni wọ́n sọ pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹni tí ó bá sì rí ibi tí aládùúgbò rẹ̀ gbé fẹsẹ̀ kọ, tí kò wo ilẹ̀, òun náà yóò fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀.

King's Lynn jẹ́ ìlú oníṣòwò àtijọ́ ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní etí odò Great Ouse, níbi tí odò náà ti fẹ́ bọ́ sínú òkun. Èbúté ni láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún wá, àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Jámánì sì ti ní ilé ìkẹ́rùsí níbẹ̀ rí. Ilẹ̀ tí ó yí i ká tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ẹní. Àbàtà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti la kòtò sí i, wọ́n ti fa omi rẹ̀ gbẹ, ó sì wá di ilẹ̀ oko tí ó lọ́ràá gidigidi. Àlìkámà, pọ̀tétò àti gbòǹgbò kan tí a ń fún ṣúgà nínú rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbìn. Ní gúúsù ìlú náà díẹ̀ ni abúlé kékeré kan wà tí a ń pè ní Saddlebow. A kò ní sọ pé igbó kìjikìji ni, nítorí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe pépà àti èyí tí ń mú iná mànàmáná jáde ti wà nítòsí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti kọjá wọn, oko ni yóò máa rí lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n yàn fún ilé ìsun-pàǹtí náà.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ìgbìmọ̀ méjì ni ó ń ṣe ìlú níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ kékeré wà ní King's Lynn fúnra rẹ̀, òun ni ó ń kó pàǹtí kúrò ní ẹnu ọ̀nà onílé. Ìgbìmọ̀ ńlá ti Norfolk sì ń jókòó ní ìlú Norwich, tí ó tó nǹkan bí 40 máìlì sí King's Lynn, òun ni ó ń pinnu ibi tí pàǹtí náà yóò gbẹ̀yìn sí. Nípa bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tí ń gbá ilẹ̀ yàtọ̀ sí ọwọ́ tí ń dà á nù. Nínú ìyàtọ̀ yìí ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a dá Ìgbìmọ̀ ńlá lẹ́bi kí a tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ihò ńlá ni wọ́n máa ń gbẹ́ sínú ilẹ̀ ní Ìlú Ọba tí wọ́n ń da pàǹtí sí, tí wọ́n sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bò mọ́lẹ̀ kò sùn. Ó ń jẹrà, ó ń tú afẹ́fẹ́ búburú jáde tí ó ń mú kí ayé máa gbóná sí i, omi ẹlẹ́gbin sì ń ṣàn láti inú rẹ̀ lọ bá omi tí ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Nítorí èyí ni ìjọba ṣe fi owó orí lé pàǹtí tí a bá rì mọ́lẹ̀ ní ọdún 1996. Pọ́n-ùn 7 ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lórí tọ́ọ̀nù kan. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2014 ó ti di pọ́n-ùn 80. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù pawọ́ pọ̀ ṣe ní ọdún 1999 tún pàṣẹ pé kí gbogbo wọn dín irú ihò bẹ́ẹ̀ kù. Èyí tí ó tún wá dùn mọ́ Ìgbìmọ̀ náà ni pé ìjọba London ṣe ìlérí pé òun yóò ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú mílíọ̀nù 169 pọ́n-ùn, tí a ó máa san díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 25, bí ó bá lè kọ́ ilé ìsun-pàǹtí. Ìgbìmọ̀ wo ni yóò rí irú owó bẹ́ẹ̀ tí yóò mú ojú kúrò?

Ẹni tí kò bá rí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí lè rò pé bí a ti ń ṣáná sí àkìtàn lẹ́yìn ọjà náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná tó ìwọ̀n 850 ti Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ tí ó ti inú pàǹtí jáde sì gbọ́dọ̀ wà nínú ooru náà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì ó kéré tán, kí májèlé inú rẹ̀ lè jóná. Ooru náà ni wọ́n fi ń se omi títí yóò fi di ọyẹ́, ọyẹ́ yìí ni yóò sì yí ẹ̀rọ tí ń mú iná mànàmáná jáde. Kí èéfín tó gba òkè lọ, wọn a fi ẹfun àti èédú lílọ̀ mú ìdọ̀tí inú rẹ̀, wọn a sì sẹ́ ẹ nínú àpò aṣọ bí a ti ń sẹ́ ògì. Síbẹ̀, iná kì í jẹ ohun gbogbo tán. Nínú tọ́ọ̀nù mẹ́rin tàbí márùn-ún tí a bá sun, nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan ni yóò kù sílẹ̀ bí eérú. Eérú lẹ́búlẹ́bú tí ó kù sínú àwọn àpò aṣọ náà, bí ó tilẹ̀ kéré, májèlé ni, a sì gbọ́dọ̀ kó o lọ sí ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Ilé ti Saddlebow yìí, tọ́ọ̀nù tí ó lé ní 260,000 ni wọ́n fẹ́ kí ó máa jẹ lọ́dọọdún. Àwọn agbaṣẹ́ṣe méjì tí wọ́n pawọ́ pọ̀, Cory ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wheelabrator ti Amẹ́ríkà, ni wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún, kí wọ́n sì máa ṣe é fún ọdún 25.

Kí ni àwọn ará àdúgbò ń bẹ̀rù? Wọ́n bẹ̀rù èéfín ní àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ kan ti tú májèlé tí a ń pè ní dioxin sójú ọ̀run ní Seveso ní ilẹ̀ Ítálì ní ọdún 1976 ni orúkọ náà ti di ohun tí ń já ènìyàn láyà. Wọ́n sì mọ̀ pé ní ọdún 1996 ni wọ́n ti àwọn ilé ìsun-pàǹtí àtijọ́ ní Ìlú Ọba pa, nítorí wọn kò lè pa òfin tuntun mọ́ lórí ohun tí ń jáde láti inú wọn. Àgbẹ̀ bẹ̀rù pé oníbàárà lè kọ ọ̀dùnkún àti ọkà tí ó hù lábẹ́ èéfín, ìbáà ṣe pé kò sí ohun tí ó ṣe é, nítorí ìfura ni í ba ọjà jẹ́. Onílé bẹ̀rù pé ilé rẹ̀ kò ní rí olùrà. Àwọn tí ń gbé ẹ̀bá ọ̀nà bẹ̀rù ọkọ̀ ńláńlá tí yóò máa kó pàǹtí gbogbo Norfolk kọjá ní ẹnu ọ̀nà wọn.

Bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, ẹ̀rù wọ̀nyí kò wúwo dọ́gba. Àwọn onímọ̀ ní Imperial College ní London ṣe ìwádìí ńlá lórí àwọn tí ń gbé nítòsí irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2018 àti ọdún 2019. Wọn kò rí i pé èéfín náà ń pa ọmọ ọwọ́. Wọ́n rí i pé àbùkù ara kan tí a ń bí mọ́ ọmọ fi díẹ̀ pọ̀ sí i ní àyíká wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó lè jẹ́ pé ohun mìíràn ní àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni ó fà á. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ikú ni ilé náà yóò mú wá sọ àsọdùn, ẹni tí ó bá sì sọ pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀ sọ ju ohun tí ó mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ọdún tí ìwádìí yìí jáde. Ní ọdún 2011 ni a ti ń sọ fún àwọn ará King's Lynn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ọdún méje lẹ́yìn náà ni ìṣirò tó dé. Ṣé ó tọ́ kí a bínú sí ẹni tí ó ní kí a jẹ́ kí òun rí ìṣirò kí òun tó fi ọmọ òun dúró?

Ìgbìmọ̀ kékeré King's Lynn ṣe ohun tí ó yẹ kí aláṣẹ ṣe: ó béèrè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011, ó fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn olùdìbò abẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ènìyàn 100 tí ó rí ìwé náà gbà, 61 ni ó dá a padà, èyí tí kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀ràn ìgbìmọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó sọ pé àwọn kò fẹ́ jẹ́ 65,516, èyí ni pé nínú gbogbo ìbò 100, 92 ni ó kọ̀. Kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan, kì í ṣe ọlọ́rọ̀ nìkan, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo. Àwọn tí ń ṣojú àgbègbè náà ní Ilé Aṣòfin ní London pàápàá takò ó, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n wà pẹ̀lú àwọn tí ń ṣàkóso ní Norwich nígbà náà.

Kí ni Ìgbìmọ̀ ńlá ṣe? Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ara balẹ̀ ka ètò ọjọ́ wọ̀nyí bí ẹ ti ń ka ìwé gbèsè. Ní oṣù Kẹta ọdún 2011, lẹ́yìn tí ìlú ti dìbò, ó yan agbaṣẹ́ṣe. Ní oṣù Kejì ọdún 2012, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012 ni ó tó fún ilé náà ní àṣẹ pé kí a kọ́ ọ. Ẹ tún un kà. A ti fọwọ́ sí ìwé, a ti gba gbèsè sọ́rùn, kí a tó mọ̀ bóyá àṣẹ yóò wà láti kọ́ ilé. Ìgbìmọ̀ tí ó fẹ́ kọ́ ilé náà sì ni ó jókòó láti fún ara rẹ̀ láṣẹ. Òfin ilẹ̀ wọn gbà á bẹ́ẹ̀, a kò sọ pé wọ́n rú òfin. Ṣùgbọ́n bí bàbá ìyàwó àti bàbá ọkọ bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo, ta ni yóò béèrè bí ọmọbìnrin náà bá fẹ́?

Àwa tí a ń fi gègé jẹun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ojú ewé kìíní ìwé àdéhùn kì í pa ènìyàn lára. Èyí tí ó wà ní ẹ̀yìn ìwé, níbi tí a ti kọ ohun tí ẹni tí ó bá yẹ àdéhùn yóò san, ni í fa ọgbẹ́. Nínú ìwé ti Norfolk, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí àṣẹ kíkọ́ ilé kò bá jáde, Ìgbìmọ̀ ni yóò san owó gbà-má-bínú fún àwọn agbaṣẹ́ṣe. Èyí ni pé bí àwọn ará ìlú bá jagun, tí wọ́n sì ṣẹ́gun, àwọn náà ni yóò san owó ogun.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó sì rí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, Mínísítà tí ọ̀ràn ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní London, Ọ̀gbẹ́ni Eric Pickles, gba ẹjọ́ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, olùwádìí tí a rán wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ̀rọ̀ ní gbangba, Ìgbìmọ̀ kékeré sì fi owó ìlú gba agbẹjọ́rò láti bá Ìgbìmọ̀ ńlá jà: owó orí kan náà ń bá ara rẹ̀ jà ní ilé ẹjọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, ìdìbò ìgbìmọ̀ dé, àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé sì pàdánù ọ̀pọ̀ ìjókòó tí wọ́n fi ń ṣàkóso. Ní oṣù Kẹwàá, ìjọba London yí ohùn padà. Ó ní ilé ìsun-pàǹtí tí ó wà àti èyí tí ń bọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti tó láti mú àṣẹ Yúróòpù ṣẹ, ó sì gba mílíọ̀nù 169 tí ó ṣèlérí padà. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ iṣẹ́ náà ti rọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, Ìgbìmọ̀ Norfolk dìbò pé kí a fa àdéhùn náà ya, nígbà tí ìdájọ́ Mínísítà kò tilẹ̀ tíì jáde. Ohun tí ó ná àwọn ará Norfolk láti jáde kúrò nínú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn: owó gbà-má-bínú ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni ti èlé àti pàṣípààrọ̀ owó, àti ti ìwádìí gbangba. Bíríkì kan ṣoṣo kò sì dúró lórí èkejì ní Saddlebow.

Ẹnìkan lè wí pé àwọn ará King's Lynn ni ó fa òfò yìí, nítorí bí wọ́n bá ti dákẹ́, owó náà kì bá tí ṣòfò. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìbò 65,516 ti wà ní orí tábìlì Ìgbìmọ̀ ní ọdún kan gbáko kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Ní ọjọ́ náà, kò tíì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè gbà-má-bínú. Ẹni tí a ti kìlọ̀ fún pé afárá kò dúró, tí ó sì wa ọkọ̀ gun orí rẹ̀, kò lè bá ẹni tí ó kìlọ̀ ṣẹjọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá rì.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ìlú mìíràn, níbi tí àwọn ará àdúgbò kò ti borí. Ní Gloucestershire, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ àgbègbè fẹ́ kọ́ ilé ìsun-pàǹtí sí ibi kan tí a ń pè ní Javelin Park, láàárín pápá, ní ẹ̀bá ọ̀nà ńlá. Níbẹ̀ náà, wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kí àwọn tí ń fún ni láṣẹ tó jókòó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, gbogbo àwọn tí ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ àṣẹ náà fi ohùn kan kọ̀ ọ́. Agbaṣẹ́ṣe pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, Mínísítà sì fún un láṣẹ ní oṣù Kìíní ọdún 2015. Ilé náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2019. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ká wa lára jùlọ ni ti ìwé àdéhùn. Nígbà tí àwọn ará ìlú ní kí a jẹ́ kí àwọn rí iye tí àwọn yóò máa san, ìgbìmọ̀ fi yíǹkì dúdú bo ojú ewé púpọ̀, ó ní àṣírí òwò ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pe ẹjọ́ kí àwọn adájọ́ tó pàṣẹ ní ọdún 2017 pé kí a ṣí i sílẹ̀. Àwọn Yorùbá a máa wí pé èéfín ni ìwà, kò ṣé é fi pamọ́. Ó yà wá lẹ́nu pé ilé tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju èéfín lọ ni ẹnìkan rò pé òun lè fi ìwé rẹ̀ pamọ́.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a gbè sí ẹ̀yìn gbogbo ẹni tí ó bá wí pé, "Ẹ má gbé e sí ẹnu ọ̀nà mi." Pàǹtí Norfolk kò para dà di omi ní ọjọ́ tí wọ́n fa àdéhùn ya. Apá kan nínú rẹ̀ ni wọ́n kó lọ sí Great Blakenham ní Suffolk lẹ́yìn náà, àgbègbè tí ó mú ilé lé wọn, wọ́n sì sun ún níbẹ̀. Great Blakenham náà kì í ṣe aṣálẹ̀. Ènìyàn ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń mí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lé àkìtàn kúrò ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní láti bi ara rẹ̀ léèrè ẹ̀yìn ilé ẹni tí ó lé e lọ. Ìyàtọ̀ tí a rí ni èyí: kíkọ̀ nìkan kò tó, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò bi kò lè ṣe ju pé kí ó kọ̀ lọ. Ẹni tí a bá pè jókòó ní àkọ́kọ́, tí a fi ìṣirò hàn, ni a tó lè bi pé, "Bí ìwọ kò bá fẹ́ èyí, kí ni ìwọ fẹ́, èló ni ìwọ yóò sì fi sí i?"

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ó kọ̀ ń sọ nígbà náà, tí àwọn aláṣẹ pàápàá ti wá ń sọ lónìí. Iná tí a bá dá fún ọdún 25 gbọ́dọ̀ rí oúnjẹ jẹ fún ọdún 25. Bí àwọn ènìyàn bá kọ́ láti ṣa ìgò, páànù àti pépà sọ́tọ̀ kí a lè tún wọn lò, ilé náà yóò máa wá ohun tí yóò jó. Ní ọdún 2021, ìjọba Wales dá kíkọ́ ilé ìsun-pàǹtí ńláńlá tuntun dúró. Ní ọdún 2022, Scotland pinnu pé òun náà kò ní máa fọwọ́ sí tuntun, àyàfi níbi tí ìdí pàtàkì bá wà. Ní òpin ọdún 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ tuntun gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó wúlò ní tòótọ́. Ọ̀rọ̀ tí a pè ní ariwo àwọn ará oko ní ọdún 2011 ni ó wá di òfin ìjọba lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Kí ni èyí jẹ́ fún àwa tí a wà nílé? Ó jẹ́ ohun púpọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, iná sọ ní àkìtàn Olúṣósùn ní Ọ̀jọ́ta, èéfín sì bo àwọn tí ń lọ tí ń bọ̀ ní ọ̀nà márosẹ̀; kò sí ará Èkó tí ó lè wí pé ọ̀ràn àkìtàn kò kan òun. Ní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú àwọn ará ilẹ̀ Hollandi kan nípa ilé tí yóò máa sun pàǹtí láti mú iná mànàmáná jáde, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n sì dárúkọ fún un. A kò bú u, a kò sì tíì yìn ín. Iná mànàmáná kò pọ̀ lọ́wọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi ẹsẹ̀ ta ẹni tí ó ní òun yóò mú un wá. Ṣùgbọ́n pàǹtí wa kò rí bí ti òyìnbó. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ rírà ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, omi sì wà lára wọn. Ohun tí ó tutù kì í fẹ́ jó, ẹni tí ó bá sì fẹ́ jó o ní dandan yóò ra epo. Kì í ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí: ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni a ti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sí Èkó rí, pàǹtí wa sì tutù jù fún wọn, wọn kò wúlò fún wa.

Ẹni tí ó bá sì rò pé ọ̀ràn ìwé àti àṣírí kò lè ṣe ènìyàn ní ibi, kí ó rántí Kókó ní ọdún 1988. Nínú ọgbà ẹnìkan ní èbúté kékeré náà ni a ti bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá májèlé tí a kó wá láti ilẹ̀ Ítálì. Wọ́n yá ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó táṣẹ́rẹ́ lóṣooṣù, kò sì mọ ohun tí ó wà nínú wọn. Ìwé wà, àdéhùn wà, owó sì kọjá láti ọwọ́ kan sí èkejì. Ìbéèrè ni kò sí. Ìgbà tí ariwo ta ni ìjọba tó ṣe òfin líle lórí májèlé ní ọdún náà gan-an.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a rò pé ó yẹ kí gbogbo ará ìlú máa béèrè, ìbáà ṣe ní Norfolk tàbí ní Ẹ̀pẹ́, nígbàkúùgbà tí ẹnìkan bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé. Èkíní: ǹjẹ́ a ti bi àwọn tí yóò máa mí èéfín náà kí a tó fọwọ́ sí ìwé, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Èkejì: ǹjẹ́ a lè rí ìwé àdéhùn náà kà láti ojú ewé kìíní títí dé ìkẹyìn, àti èyí tí ó sọ iye tí a ó san bí a bá yí ọkàn padà? Ẹ̀kẹta: ta ni yóò máa wọn ohun tí ń ti inú ẹnu èéfín jáde, ibo ni yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ tí àgbẹ̀ àti ìyálọ́jà yóò fi rí i kà? Ìjọba tí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gbangba lè rí i pé àwọn ará àdúgbò kò le tó bí òun ti rò. Èyí tí kò bá sì lè dáhùn, ó sàn fún un kí ó dá gègé padà sínú àpò fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn àgbà wa wí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Lẹ́tà kan sí olùdìbò kọ̀ọ̀kan ni ìbò King's Lynn gbà. Owó òǹtẹ̀ lẹ́tà àti owó pépà kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù 30. Bí wọ́n bá ti kà á dáradára ní Norwich ní ọdún 2011, ìbá ti jẹ́ pé ilé-ìwé àti ọ̀nà oko ni wọ́n fi owó yòókù tún ṣe.